Wàrà Gbígbóná Tí Nazario Gbé Sáyà

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí Nazario Ccama rẹ́rìn-ín, kó sọ fún un pé òtútù ń mú òun nínú ilé. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkùnrin yìí ti ń gun alùpùpù lókè ìlú Puno ní aago márùn-ún ìdájí, títí kan oṣù kẹfà àti ìkeje, ìgbà òtútù tiwọn níbẹ̀, tí omi adìyẹ máa ń di òkúta nínú ìkòkò. Wàrà ló ń kó. Agbolé mẹ́sàn-án ló ń yà, láti Qaqapata tó wà lókè téńté títí dé àfonífojì níbi tí ilé wàràkàṣì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ gbáko ni, afẹ́fẹ́ á sì máa gbá a láyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wá wo ìmúra. Ṣòkòtò méjì, ẹ̀wù onírun mẹ́ta, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá láyà, òmíràn lẹ́yìn. Ọ̀rá ló máa ń kọ́kọ́ fi di ẹsẹ̀ kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó gé ìdí kẹ́ẹ̀gì òróró méjì, ó fi wọ ọwọ́ alùpùpù méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ìka rẹ̀. Gladis ìyàwó rẹ̀ á jókòó sídìí iná, á máa wò ó.

"Bàbá Edwin, ṣé èèyàn ló ń jáde lọ yìí àbí ẹrù ọjà?"

"Máa rẹ́rìn-ín o. Bí mo bá gan sórí máṣíìnì, ìwọ náà lo máa wá fi omi gbígbóná yọ mí kúrò níbẹ̀."

"Èmi kọ́. Màá dúró de oòrùn ni."

Pẹ̀lú gbogbo ìmúra yìí, ikùn ni kò gbà. Afẹ́fẹ́ á bá ibi tí bọ́tìnnì kò ti pàdé wọlé, á sì wọ inú ìfun lọ. Bí Nazario bá fi máa dé agbolé kẹta, gbogbo inú rẹ̀ á ti máa gbọ̀n.

Màmá Saturnina ló gbà á lọ́wọ́ ìyà yìí. Agbolé tirẹ̀ ni àkọ́kọ́, òun ló sì jìnnà jù. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, màlúù kan ṣoṣo ló ní, Paloma ló sì ń pè é. Wàrà Paloma ló ń bọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ó ń fún wàrà lọ́wọ́ nígbà tí Nazario dé, ó sì gbọ́ bí eyín ọkùnrin náà ṣe ń lu ara wọn.

"Kí ló dé tí o fi fẹ́ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì?" ni ìyá náà bi í. "Gbé e sáyà, ọmọ mi. Inú màlúù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde. Iná wo lo tún ń wá?"

"Màmá, ṣé kò ní dà sí mi lára?"

"Ìwọ ṣáà gbé e. Ọmọ mẹ́fà ni mo pọ̀n dàgbà, n ò já ìkankan lulẹ̀ rí. Ṣé garawa onídèérí ni màá wá so tí á dà?"

Ó wọlé, ó mú aṣọ ìpọnmọ rẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí tí wọ́n fi irun alpaca, ẹran ọ̀sìn onírun orí òkè wọn, hun. Ó gbé garawa wàrà náà lé orí táńkì epo, láàárín itan Nazario, ó fi aṣọ náà yí ọkùnrin náà àti garawa ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì so ó gírígírí lẹ́yìn rẹ̀. Kí Nazario tó sọ̀kalẹ̀ dé odò, ara rẹ̀ ti yá gágá. Ó kọrin lórí alùpùpù lọ́jọ́ náà, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́jọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Orí máṣíìnì ló ń jókòó sí, àwọn onílé yòókù ló ń wá so garawa tiwọn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé ojú àmì.

"Ẹ wò ó, Nazario ti lóyún! Oṣù mélòó ni o, ìyá ọmọ?"

"Ó kù díẹ̀ kí n bí i. Ẹ lọ wá agbẹ̀bí dè mí."

Ubaldina ni alábòójútó ilé wàràkàṣì, obìnrin tí kì í ṣojúsàájú. Bí garawa bá ti dé, á bu wàrà díẹ̀ sínú ife, á da ọtí líle tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ lé e. Bí wàrà náà bá ń ṣàn, ó dára. Bí ó bá dì, ó ti ń kan nìyẹn, wọn ò ní gbà á, torí garawa kan ṣoṣo lè ba wàràkàṣì odidi ọjọ́ kan jẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá dì lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọdún kan, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ṣe òfin náà, Nazario náà sì nawọ́ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Nazario bẹ̀rẹ̀ sí í gbé garawa sáyà tí wàrà Màmá Saturnina fi dì nínú ife. Ubaldina gbọn orí, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Nazario kò ro nǹkan kan. Wàrà ń kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ilé tí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún dì.

"Ìyá yìí ti ń da wàrà àná mọ́ tòní," ni Ubaldina wí. "Mi ò rò ó sí i, ṣùgbọ́n ebi ò mọ arúgbó. Sọ fún un pé ó ku ẹyọ kan."

Nazario ń tú aṣọ ìpọnmọ kúrò lára nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ náà ṣì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo garawa mẹ́jọ yòókù tí wọ́n tò sílẹ̀. Yìnyín ti bo ìdérí wọn, wàrà inú wọn tutù nini, kò sí ìkankan nínú wọn tó dì nínú ife. Ó fọwọ́ kan garawa Màmá Saturnina. Ó gbóná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Láti Qaqapata ni ikùn òun àti ẹ́ńjìnnì ti jọ ń sè é bọ̀, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó kan.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. N kò ní bo ọ̀rọ̀ náà fún un: ó mọ̀. Ó yẹ kó lanu níbẹ̀ yẹn, kó wí pé Ubaldina, èmi ni o. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó sì rò ó bí àwọn tó ń pè é ní aboyún yóò ṣe rẹ́rìn-ín tó. Ó ká aṣọ náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò kàn so garawa náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ láti ọ̀la lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nígbà tó jíṣẹ́ fún Màmá Saturnina, ìyá náà kò jiyàn rárá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Bóyá ọwọ́ mi ni," ló wí. "Ọjọ́ orí ti ń bà mí lọ́wọ́ jẹ́, n ò sì mọ̀. Má bínú, ọmọ mi, mo ń dójú tì ọ́ níwájú wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Nazario lọ́kàn. Èèyàn tó jẹ̀bi kò fẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Kò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, nígbà tí Gladis sì bi í léèrè, ó ní òtútù ló wọ òun lára.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó so garawa náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Inú rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn ń bi í bóyá ó ti bímọ, wàrà Màmá Saturnina kò sì dì lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ̀rí ni ó ń wá, ẹ̀rí dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún San Juan wá dé, tí òtútù ọdún máa ń le jù. Inú gbogbo ayé ń dùn, torí irú òtútù yẹn ni wọ́n ń dúró dè láti tẹ́ ànàmọ́ sórí koríko, kó lè gan dáadáa fún chuño, ànàmọ́ gbígbẹ tí wọn yóò máa jẹ títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn ni Nazario. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá, kò mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé máṣíìnì náà ń yà kiri lójú ọ̀nà. Ó dúró. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rí èéfín tín-ín-rín tó ń jáde lábẹ́ ìdérí garawa Màmá Saturnina.

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó ní òtútù òní á borí ooru. Bẹ́ẹ̀ ló ń tan ara rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú okùn. Ó gbé garawa náà sáyà, ó fi aṣọ ìpọnmọ náà wé e, ooru náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nílé wàràkàṣì, Ubaldina da ọtí sínú ife. Wàrà náà dì. Ó mú bírò, ó fa ìlà gba orí orúkọ Saturnina kọjá. Nazario wà níbẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ń gbóná, ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Ojú tì í bí ẹni tó wà níhòòhò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Saturnina ti gbé garawa rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nazario ròyìn fún un láìsọ̀kalẹ̀, láìpa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé wọ́n ní mo ń rẹ́ wọn jẹ ni?" ni ìyá náà bi í.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Wọ́n sọ ọ́. Etí rẹ̀ ló sì fi gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, agbolé kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ló ń gbọ́ tí Paloma ń ké lókè, oorun ò sì kùn ún mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú ìpàdé ẹgbẹ́, kò lè gbé e mọ́. Ó dìde kí wọ́n tó pe orúkọ tán, ó bọ́ fìlà, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí aṣọ ìpọnmọ dé ọjọ́ San Juan. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà oyún náà ni. Nígbà tó yé wọn, gbogbo wọn yíjú sí Ubaldina.

"O dúró síwájú mi níhìn-ín," ni Ubaldina wí, "mo sì ń pe ìyá àgbà ní ẹlẹ́tàn. O ń wò mí."

"Mò ń wò ọ́."

"Jókòó. Rárá, má jókòó. Gun máṣíìnì rẹ, kó o lọ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti padà. Ìwọ ni kí o lọ."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ràn, ọ̀nà sì gbẹ. Nazario sáré gòkè. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, nítorí ìròyìn ayọ̀ ló mú dání. Nígbà tó dé, ọgbà màlúù ṣófo. Okùn wà lórí òpó, kò sí Paloma. Màmá Saturnina jókòó sínú oòrùn, ó ń ya irun àgùntàn.

"Màmá, Paloma dà?"

"Mo ti tà á lọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì. Alápatà ló rà á. Koríko ti tán, kí ni màá máa fi ra oúnjẹ fún un nígbà tí kò sí ẹni tó ń ra wàrà rẹ̀?"

Nazario kúnlẹ̀. Ó rò fún un pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí, òun ni. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé ìparí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára irun tó ń ya.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ẹ̀ẹ̀kejì, Màmá."

"O ti mọ̀ kí o tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta sáyà."

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Ọ̀nà jìn láti àfonífojì wá, ó sì ti to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ lórí máṣíìnì. Kò rí ọ̀kan mú nínú wọn.

"Òtútù ló mú mi, Màmá."

Màmá Saturnina gbé irun náà sílẹ̀.

"Ó mú èmi náà, Nazario," ló wí. "Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé ó kan, odò ni mo ń lọ ní ìdájí. Mò ń fi òkúta fọ́ yìnyín, mo sì ń fọ garawa náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́."