Ibi Tí Owó Wà Ni A Ní Kí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Gbé E Lọ

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ Àìkú tí inú bí mi ní ìpàdé wa. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ọmọ ẹlòmíràn ni mo fi gbogbo ayé mi bá wí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń bínú lọ́wọ́ kì í lè kọ́ni dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìbínú náà rọlẹ̀ kí n tó kọ èyí. Kò tí ì rọlẹ̀ tán.

Ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ni, àwa tí wọ́n bí sí Àbíjàn àti àwọn oníṣòwò tó ti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a máa ń ṣe é, nínú àgbàlá kan ní Anoumabo, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò le. A fẹ́ fi Ìyá Ẹgbẹ́ tuntun jẹ, nítorí pé èyí tó wà níbẹ̀ ti darúgbó, ó ti padà sílé. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń parí ìjà àwọn obìnrin ọjà. Òun ló ń gba àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Tí ara ẹnì kan kò bá yá, tí kò sì gbọ́ Faransé, òun ló ń tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù kó lè bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti fẹnu kò lórí obìnrin kan, opó ọmọ Ìgbòho, tó ń ta abọ́ àti bàsíà ní ọjà Siporex. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ yìí wá láìjẹ oyè rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú ń bú nígbà náà.

Mo mọ ọmọ náà kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Marcory. Mètirẹ́ẹ̀sì ló ń pè mí, bí gbogbo ọmọ ibí ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń pè mí títí dòní. Bàtà rọ́bà tí a ń pè ní lèkè ló ń wọ̀ nígbà yẹn, tòun ti okùn tó fi so ó, nítorí pé ìdè rẹ̀ ti já. Tó bá wọ kíláàsì, á bọ́ ọ, á gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé bàtà kì í jókòó ní kíláàsì. Ó ní, "Mètirẹ́ẹ̀sì, tó bá gbó, màmá mi ò ní lè ra òmíràn fún mi, bọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn." Mo jẹ́ kí bàtà náà jókòó.

Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn òyìnbó kan wá mú un lọ sí Yúróòpù. Ìyá rẹ̀ mú un wá sí ìpàdé kí a ṣàdúrà fún un, bí a ti máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí àjò. A máa ń bu omi sínú igbá, igbá náà á máa ti ọwọ́ àgbà kan bọ́ sí ọwọ́ àgbà mìíràn, olúkúlùkù á sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú omi, arìnrìn-àjò á wá mu ún. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí a sọ. Ẹnì kan ní, "O ò ní ṣe làálàá lásán." Ẹlòmíràn ní, "Orúkọ rẹ á kàn dé ibi tí àwa ò dé rí." Nígbà tí igbá dé ọwọ́ alága wa, ọmọ Ṣakí, ó gbé e sókè, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibi tí owó bá wà ni kí ẹsẹ̀ rẹ máa gbé ọ lọ!" Àmín tí a ṣe sí i lé adìyẹ orí ògiri sá. Kò sí ẹni tó sọ sínú omi náà pé kó fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan títí ayé. Kò sí ẹni tó ní kí owó rẹ̀ má pọ̀ jù.

Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ rẹ̀ sì kàn bí a ti wí. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, tí àdéhùn rẹ̀ sì parí, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá pè é, wọ́n fi owó lọ̀ ọ́, owó tó ju èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ó lọ. Ohun tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ èébú. Ní Zone 4, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ ẹja yíyan tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ó ti ta ara rẹ̀. Lórí rédíò, wọ́n ní kò ní ìfẹ́ eré náà lọ́kàn rí, pé owó àti òkìkí nìkan ló mọ̀. Ní Siporex, àwọn ọmọkùnrin tó ń pe èrò sínú gbàkà, ọkọ̀ akérò wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín: «La vieille, ton petit aime trop jeton!» Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ràn jeton jù; jeton ni wọ́n ń pe owó. Á gbójú sókè láàárín bàsíà rẹ̀, á ní, "Ìwọ ńkọ́, ọ̀fẹ́ lo fi ń pe èrò?"

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Olówó kò kọjá ìbáwí. Èmi fúnra mi ti bá ọmọ náà wí. Nígbà tó gbé àwòrán aago wúrà mẹ́ta sórí fóònù fún gbogbo ayé, mo pè é, mo bi í pé, "Ọwọ́ mélòó lo ní?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mètirẹ́ẹ̀sì, ẹ má bínú," ó sì yọ ọ́ kúrò. Tó bá kọ ọmọ tó bí sílẹ̀, tó bá rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, tó bá gbowó kó lè fa àwọn ọmọ wa sídìí tẹ́tẹ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ ké. Ṣùgbọ́n pé èèyàn gba owó iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń san án dáadáa jù, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Nígbà tí àwa olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, a kò sọ pé ìfẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló mú wa ṣe é. Olùkọ́ sì lè kọ́ni títí irun rẹ̀ á fi funfun. Agbábọ́ọ̀lù ò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí èébú rẹ̀ dùn mí jù ni alága wa. Aṣọ agbábọ́ọ̀lù, èyí tí a ń pè ní máyò, ló ń tà ní Siporex, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìyá náà. Nígbà tó rí i pé èyí tó ní orúkọ ọmọ wa lẹ́yìn ni gbogbo ọ̀dọ́ ń rà, ó lọ kó o wá ní àpò àpò, kí bọ́ọ̀lù ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà bá kúrò ní ẹgbẹ́ yẹn. Ta ló tún máa ra aṣọ ẹgbẹ́ tí ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́? Ọjà náà kùtà mọ́ alága lọ́wọ́. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé, àwọn àpò náà ga dé àjà, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ń jẹun pẹ̀lú ojú kíkorò.

Ọkùnrin yìí ló dìde ní ọjọ́ Àìkú náà, tó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí a tó fi oyè jẹ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká ronú. Ìyá Ẹgbẹ́ ni ojú wa níta. Àwọn onílẹ̀ ti ń sọ pé owó nìkan ni àwa Ànàgó mọ̀. Ṣé ìyá ẹni tó ta ara rẹ̀ nítorí owó ni ká wá gbé síwájú?"

Ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó jókòó tì í ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀, Alága. Ọmọ náà ò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣé èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ò tó o ni?"

Mo na ọwọ́ sókè bí mo ti máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe, mo sì dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, mo kí yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ilẹ̀ oko wà ní Ṣakí, ó sì wà ní Ìsẹ́yìn. Ta ni nínú yín tó wá sí Àbíjàn nítorí pé ó fẹ́ràn ọ̀sà?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Mètirẹ́ẹ̀sì, ibí yìí kì í ṣe kíláàsì."

"Mo mọ̀, Alága. Ká ní kíláàsì ni, ẹnì kan ì bá ti dáhùn."

"Ó dáa, mo dáhùn. Ebi ló lé wa wá. Ebi wo ló ń pa òun?"

"Ebi lé yín wá lóòótọ́. Ẹ kọ́ ilé kan sílé, ebi tán. Ebi wo ló wá ní kí ẹ kọ́ ìkejì?"

"Ẹ jókòó, Mètirẹ́ẹ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo jókòó.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wá dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì nàró. Ohùn rẹ̀ kò ga.

Ó ní, "Alága, ẹ kú ìjókòó. Máyò tí ẹ̀ ń tà yẹn, orúkọ ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ọjà kọ́ la wá sọ níbí."

"Orúkọ ọmọ mi ni. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Láti ìgbà tí ẹ ti ń fi orúkọ yẹn jẹun, ṣé ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín rí? Ẹsẹ̀ ọmọ mi bọ́ yín, Alága. Kò sí ẹni tó pè yín ní olójúkòkòrò. Ẹ wá ní ó fẹ́ràn owó. Ó fẹ́ràn owó mọ̀nà! Ọmọ tí òjò ń pa nínú yàrá ìyá rẹ̀, tí kò bá fẹ́ràn owó, kí lẹ fẹ́ kó fẹ́ràn?"

Mo wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn bímọ lọ́wọ́ ìyá yìí nínú takisí kí wọ́n tó dé ọsibítù. Òmíràn ń sùn nílé ìyá náà títí ó fi rí yàrá tirẹ̀. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí. Àgbà tó dàgbà jù láàárín wa wá wúkọ́, ó ní ká so ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí ìpàdé wa bá so rọ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n dárúkọ obìnrin mìíràn, wọ́n sì fi í jẹ kíákíá. Kò ṣe ohun tó burú, èmi náà kí i kú oríire. Ìyá oníbàsíà kò wá.

Mo lọ wò ó nílé ní Anoumabo ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ilé ńlá fún un níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìyá náà ní òun kò lè fi àwọn aládùúgbò òun sílẹ̀. Mo bá a nínú yàrá, ní ọ̀sán gangan, òun nìkan, ó wọ aṣọ oyè náà láti orí dé ẹsẹ̀: bùbá, ìró, gèlè, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti mú un lórí.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi ló fẹ́ rí mi."

Kò pẹ́ tí fóònù dún, ojú ọmọkùnrin náà sì yọ lórí rẹ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé.

"Màmá! C'est fait? Ṣé wọ́n ti fi yín jẹ?"

"Wọ́n ti fi mí jẹ, ọkọ mi."

"Ẹ yípo kí n rí aṣọ yẹn. Héè! Ṣé Alága ṣàdúrà?"

"Wọ́n ṣe é, ó gùn."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó yí fóònù náà sí mi lójijì, ó ní, "Mètirẹ́ẹ̀sì rẹ nìyí." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tó wà. Ó ní, "Mètirẹ́ẹ̀sì, ṣé oyè yẹn yẹ màmá mi?"

Mo ní, "Ó yẹ wọ́n. N kò tí ì rí ẹni tó yẹ jù wọ́n lọ."

Nígbà tí fóònù kú, ìyá náà tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ní, "Ẹ má bá mi wí. Tó bá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, kò ní fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yẹn mọ́. Àwọn náà ni wọ́n á sì tún sọ pé owó ló jẹ́ kó gbàgbé wa."

Mo bá a ká ìró náà, a jọ gbé e sínú àpótí.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi kọ́gbọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ bá olówó wí, ẹ tọ́ka sí ẹni tí olówó náà ṣẹ̀ àti ohun tó ṣe fún un, kí ẹ sì kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí ẹni kankan tí olówó náà ṣẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń dun ẹ̀yin gan-an. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀.