Nọ́ḿbà Mẹ́jọ ni fún Àdàbà

Èmi ni mo sọ pé kí ọ̀gá sójà má ra kátíríìjì nọ́ḿbà mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín ṣáájú ohun gbogbo, nítorí bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ nílé wa títí di òní, àfi bíi pé ẹ̀rù ló bà mí tí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Mo mọ̀ pé mo lè kó bàbá mi sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló sọ̀rọ̀.

Sọ́ọ̀bù bàbá mi wà lẹ́yìn Grand Marché, ọjà ńlá ìlú Niamey ní ilẹ̀ Niger. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá. Aṣọ ni àwọn ará ilé wa yòókù ń tà ní Niamey, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ẹja, àwọ̀n, tọ́ọ̀ṣì àti kátíríìjì ìbọn ọdẹ ni òun ń tà. Kátíríìjì yìí ló ń bọ́ wa. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà, owó yùréníọ̀mù sì ti wọ ìlú. Àwọn òyìnbó tó ń wà á nínú ilẹ̀ lókè àríwá a máa sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi, wọ́n á sì fẹ́ yìnbọn pa ẹyẹ létí odò. Ṣùgbọ́n àjèjì kì í ta ohun ìbọn láìní ìwé àṣẹ, ọdọọdún sì ni ọ̀gá sójà kan ń buwọ́ lu tiwa. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ọjà náà tán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì. Mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ojú ń tì mí láti máa jókòó sílé, ni mo fi ń bá bàbá dúró lẹ́yìn kántà. Kí n sòótọ́, mo ń wá ibì kan, ibi yòówù kó jẹ́, tí ohun tí mo mọ̀ yóò ti wúlò.

Ọ̀gá sójà náà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ le. Ó fẹ́ nọ́ḿbà mẹ́rin, bó ti máa ń rà. Ó ní nǹkan kan ń ṣe kátíríìjì wa. Ó ti pa àdàbà lọ fún ìyá rẹ̀, Alhaja arúgbó kan tí eyín rẹ̀ kò ká ẹran líle mọ́, Alhaja sì ti abọ́ padà. Ó ní òkúǹbete tí Mùsùlùmí kì í jẹ ni, pé gbogbo wọn ti kú kí ọ̀bẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ibo lẹ ti yìn wọ́n?" ni mo fi Hausa béèrè.

"Létí omi tí wọ́n ti ń mu. Mo sún mọ́ wọn dáadáa."

Mo gbé kátíríìjì méjì síwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga sí i ni ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń kéré sí i. Ẹtù àti ehoro ló ni mẹ́rin. Bó bá ba àdàbà nítòsí, á fà á ya. Bí àdàbà bá sì jìnnà, ọta náà kò pọ̀ tó, ẹyẹ á gba àárín wọn kọjá. Ọta inú mẹ́jọ kò ju hóró jéró lọ, ó sì pọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò dìde, kí wọ́n lọ síwájú díẹ̀, kí ọta lè tàn ká. Á bà á lápá, á ṣubú láàyè. Kí ẹni tó mú ọ̀bẹ dání sáré lọ dú u. Bó bá jìnnà jù, ẹ fi í sílẹ̀, torí ọgbẹ́ lásán ló máa gbé lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ṣé o ti yìnbọn rí?"

"Rárá. Èmi ni mo máa ń sáré mú èyí tí bàbá mi bá yìn lulẹ̀."

"Ó dáa. Fún mi ní mẹ́rin."

"Mi ò ní tà á fún yín fún àdàbà."

Bàbá húkọ́ láàárín àwọn àwọ̀n. "Ráńkádédè, ẹ má dá a lóhùn, ìwé ló ń gùn ún."

"Alhaji," ni ọ̀gá sójà wí fún bàbá, "ìwé àṣẹ rẹ wà lórí tábìlì mi. Bí ìyá mi bá tún ti abọ́ padà, ibẹ̀ náà ni yóò wà." Ó sì mú nọ́ḿbà mẹ́jọ lọ.

Alhaja jẹ ẹ́. A kò gbọ́ pé ó jẹ ẹ́ títí ọ̀gá fi padà wá, ìwé àṣẹ wa lọ́wọ́ rẹ̀, òyìnbó kùsà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Faransé pé ọmọbìnrin inú sọ́ọ̀bù ló ń kọ́ sójà níbọn.

"Sọ fún un," ni ọ̀gá wí fún mi. "Nọ́ḿbà wo ni mo béèrè lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá sáré fi Yorùbá sọ ọ́ wẹ́lẹ́: "Ọmọ mi, mẹ́jọ. Ṣáà sọ pé mẹ́jọ ni. Kí ló máa ná ọ?"

Kò ní ná mi ní nǹkan kan, mo mọ̀. Inú bàbá á dùn, a ó gba ìwé wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gboyè, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó wúlò fún ẹnikẹ́ni nìyí, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi gbé fún ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rù náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ inú bí mi débi pé kò rí àyè jókòó.

"Mẹ́rin lẹ béèrè." Faransé ni mo fi sọ ọ́, kí òyìnbó náà lè gbọ́. "Èmi ni mo fún yín ní mẹ́jọ."

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ká ìwé àṣẹ náà, ó fi í sápò. "Alhaji, ẹ kú ọjà o."

Àwọn sójà wá kó kátíríìjì wa lọ lọ́sẹ̀ kan náà. Bí a ti ń rìn lọ sílé ní àdúgbò Poudrière, bàbá bi mí pé kí ni mo rí jẹ nínú ẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan jẹ, bàbá."

"Bó bá tún bi ọ́ lọ́la ńkọ́?"

"Ohun tó béèrè ni mo máa sọ."

Ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì mo ṣáájú rẹ̀ dé sọ́ọ̀bù. Mo kó àwọ̀n àti ìwọ̀ sórí pẹpẹ tó ṣófo, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo sì gbé àga mi síta gan-an, níbi tí ọkọ̀ sójà tó bá ń kọjá ti lè rí mi.