Ẹ̀ẹ̀mejì Ló Ń Kúnlẹ̀

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni ìrora orúnkún mi di ará ilé. Kò wú, kò pupa. Ẹni tó bá wò mí á ní ara mi le koko. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ní ká jáde, irọ́ ti wà nílẹ̀: mo fẹ́ fọṣọ. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́. Wọ́n ní ohun tó bá dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, ṣe ni mo ń gbé e mì.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún mi, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní Bàrígà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi délé, orí ìdúró ni mo ti kí ìyá náà. Ó wò mí látòkè délẹ̀, kò dáhùn. Èmi náà sì lágídí. Mo ní nínú mi pé kó máa bínú lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rẹ́ mi wá bá mi. "Màmá mi ní kí n má bá ẹ rìn mọ́. Wọ́n ní o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo fa káàdì tí mo fi ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn eegun ní Igbóbì yọ fún un. Ó kà á tán, ó pòṣé.

"O sì ń bá mi gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́! O burú o."

Ní Sátidé, ó fà mí padà lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ń yí ẹja lórí iná. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀.

"Wàhálà wo nìyẹn? Kí lo fẹ́ gbà?"

"Tèmi ni ti àkọ́kọ́, mà. Tiẹ̀ nìyí. Orúnkún ò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀."

 Ìyá náà dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fi ìró nù ún, ó ní kí n jókòó. Òun fúnra rẹ̀ wá lóṣòó síwájú mi, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi, kí mi níbi tí o jókòó sí."

"Ẹ káàsán, mà," ni mo wí, omi lójú.

Títí dòní, bí a bá wọlé àgbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rẹ́ mi ń kúnlẹ̀. Bí ara bá ń ro mí báyìí, mo máa ń sọ fún un. Mi kì í sọ pé mo fẹ́ fọṣọ mọ́.