Ojú Ìyá Àgbà Nínú Fọ́tò Iléyá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Iléyá kì í tíì bẹ̀rẹ̀ nílé wa àfi tí Bùọ̀dá Ràsákì bá ti ya fọ́tò. Ìkòròdú ni èmi àti àwọn òbí mi ń gbé, ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti ku ọ̀la, Ẹ̀pẹ́ la máa ń sùn, nílé Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi. Àbúrò bàbá mi ni Bùọ̀dá Ràsákì, fọ́tò ló sì ń yà jẹun.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ óò rántí òórùn ilé ọdún: èéfín igi tútù, ata tútù, ẹran tó ń ta nínú epo gbígbóná. Àwa ọmọdé á ti pọnmi, a ó ti gbálẹ̀, a ó ti kó ìgbẹ́ àgbò dànù, a ó sì ti tẹ̀lé àwọn àgbà lọ yídì. Ká tó dé, Ìyá Àgbà á ti fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀, ẹja yíyan á máa wò wá látinú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ká tó ya fọ́tò, kí epo má baà ta sí aṣọ tuntun. Lọ́dún kan, Múrí ẹ̀gbọ́n mi jí ẹran sápò, epo sì yọ lára bùbá funfun rẹ̀. Wọ́n ní kó fi ìka kan kanlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí wọ́n fi tò wá tán. Ẹ wo fọ́tò ọdún yẹn dáadáa: omijé wà lójú Múrí, ẹran wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo la máa ń yà. Fíìmù wọ́n, àwọn oníbàárà sì ń dúró de èyí tó kù. Nítorí náà Bùọ̀dá á fara balẹ̀ tò wá, àgbà lórí àga, ọmọdé lórí ẹní. Á lọ sẹ́yìn kámẹ́rà, á tún padà wá tún fìlà ẹnì kan ṣe. Tó bá wá pariwo pé, "Ẹ má mí o!", kódà àwọn tó ń jà láàárín wa á dákẹ́ lọ gbári. Iná á kọ mànà. Ó tán, ó dọdún tó ń bọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ bí fọ́tò ṣe rí títí wọn á fi fọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dé, ojú gbogbo wa á là, ti Ìyá Àgbà nìkan ni yóò dì. Gbogbo ògiri pálọ̀ ni Ìyá Àgbà ti ń sùn. Àwọn ará àdúgbò kò jẹ́ kí Bùọ̀dá gbádùn. Wọ́n ní ayafọ́tò tí kò rí ojú ìyá tó bí i yà, ojú ta ni yóò yà? Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ara Ìyá Àgbà ti ń dara àgbà, ẹ̀rù sì ń bà á pé màmá òun á lọ, a ò sì ní rí ojú wọn wò mọ́.

Lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé girama, Bùọ̀dá ta máṣìnì tó ń gùn, ó fi owó rẹ̀ ra kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní díjítà. Ilé dàrú. Bàbá mi ní, "Ràsákì, odidi máṣìnì lo fi ra ohun tó wọ àpò ṣòkòtò? Tí kò bá lo fíìmù mọ́, ṣé kò yẹ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ ni?"

Bùọ̀dá jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ló wọ́n, kì í ṣe àpótí. Ẹ wo gíláàsì yìí, wọ́n to ọ̀pọ̀ léra ni. Èyí tó bá ní àbàwọ́n bíńtín nínú wọn, dídànù ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù, tí kì í tán. Fíìmù tí à bá máa rà díẹ̀díẹ̀, mo ti ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ó tún gba orí òkun wá, wọ́n sanwó ibodè lé e, dọ́là ni wọ́n sì fi rà á lọ́hùn-ún."

Bàbá mi mi orí. "Ó dáa. O ti fi ẹsẹ̀ ra ojú. Máa rìn lọ."

Ọjọ́ Iléyá pé. Bùọ̀dá yà wá, ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ojú Ìyá Àgbà dì. Ó tún yà á, ó dì. Ó tún un yà títí ẹran fi ń tutù, tí Múrí ń sunkún ebi. Nígbà tó sú u, ó kúnlẹ̀ síwájú màmá rẹ̀.

"Màámi, ẹ dákun, ṣé iná yìí ló ń bà yín lẹ́rù ni?"

Ìyá Àgbà wò ó tìyanu-tìyanu. "Iná wo? Ìgbà wo ni gbogbo yín tún ń dúró sójú kan, tí ẹ dákẹ́, láti ọdún dé ọdún? Ìgbà yẹn ni mo máa ń dijú ṣàdúà fún yín. Ṣé kí n máa wo iná ni, dípò kí n pe Ọlọ́hun?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Bùọ̀dá wà tó fi tẹ kámẹ́rà: ojú wọn là rederede, eyín tó kù lẹ́nu wọn ń dán. Ó gbé kámẹ́rà náà mọ́ àyà, ó ń jó kiri àgbàlá. Fọ́tò yẹn ló wà láàárín ògiri pálọ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́hun ti pe Ìyá Àgbà.

Lóde òní, fóònù ló ń ya gbogbo nǹkan. Ní Ìgbògbò tí mo ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi máa ń ya àgbò láàyè, wọ́n á yà á nínú ìkòkò, wọ́n á tún ya egungun rẹ̀. Wọn kì í wo èyíkéyìí lẹ́ẹ̀kejì, tí fóònù bá sì bọ́ sómi, gbogbo ọdún lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹran dúró de fọ́tò mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ ra kámẹ́rà gidi. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á dá iye lé e, mo pariwo. Ó ní fóònù ti gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, dọ́là sì ti gòkè. "Mọ́mì, ojú rẹ̀ lẹ ń sanwó fún." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rà á. Ọkọ mi bi mí bóyá mọ́tò ló kù tí mo fẹ́ tà.

Ní Iléyá tó kọjá, a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí wọ́n bo ìkòkò ẹran. Mo to ẹbí, mo ṣètò kámẹ́rà lórí àpótí kó dá yà fúnra rẹ̀, mo sáré lọ jókòó. Gbogbo wọn dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó mí. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún wọn.

Iná kọ, ọmọ mi obìnrin sáré lọ wò ó. "Mọ́mì, ẹ dijú! Ẹ jẹ́ ká tún un yà."

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lọ ṣí ìkòkò ẹran.