Etí Màlúù fún Ajá Òyìnbó

Sàdíátù tó ń ta orí àti ẹsẹ̀ màlúù ní Sábó, ní Ṣàgámù, kò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ oúnjẹ tí kò dùn lọ́wọ́ òun. Bí àlejò bá dé ilé rẹ̀ tó ní òun ti yó, ìjà ni.

Ìwà yìí ló kó bá a lọ́dún tí oníṣòwò kan láti Èkó ní kó bá òun ṣe etí màlúù tí àwọn ajá òyìnbó máa jẹ lókè òkun. Òfin wọn ni pé omi lásán ni kó fi sè é, kó sá a gbẹ, kó má sì fi ohunkóhun sí i. Sàdíátù fi iyọ̀ sí i, ó fi àlùbọ́sà àti ata gígún sí i, ó wá yan án lórí iná igi títí ó fi ń ta sánsán.

Dókítà ẹranko tí ìjọba rán wá yẹ ẹrù náà wò fajú ro.

“Màmá, ẹ ti fi ata sí i. Wọn ò ní jẹ́ kó wọ ìlú wọn. Ajá wọn kì í jẹ iyọ̀, kì í jẹ ata.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ajá ọ̀hún ṣẹ̀ wọ́n?”

Dókítà já etí kan jẹ, kó lè mọ bí ata náà ṣe pọ̀ tó. Ó mú òmíràn. Nígbà tó yá, ó fa àpótí, ó jókòó, ó bèèrè bóyá ẹ̀bà wà.

Nígbà tó jẹun tán, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹrù náà kò yẹ fún ajá, ó sì ní kí màmá bá òun di díẹ̀ fún ìyàwó òun.