Ìdajì Koríko Tí Kakra Kò Sùn Sí

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: Kakra kò ṣàìsàn, n kò sì gún un lábẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́ nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí pé ọ̀gbẹ́ni tó pa á yìn mí kiri ọjà Adum fún ọ̀pọ̀ ọdún pé abẹ́rẹ́ mi ló mú un sanra. N kò fẹ́ ìyìn yẹn.

Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo kọ́ ní yunifásítì, Kumasi ni mo sì ti ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1980. Ọjọ́ kan ni Alhaja Sáfú ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Asawase, àdúgbò kan níbẹ̀. Kò lè wá fúnra rẹ̀. Ó wà nínú tákàbà, ìsémọ́lé tí obìnrin Mùsùlùmí máa ń ṣe bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí i sí. Kò bímọ. Àgbò méjì tó fi wàrà inú ìgò tọ́ dàgbà ló ń pè lọ́mọ. Ìbejì ni wọ́n, ó sì fún wọn ní orúkọ ìbejì àwọn Ashanti: Panin àti Kakra.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí ọkọ rẹ̀ kú, àbúrò olóògbé, Alhaji Ràímì tó ń ta rédíò ní Adum, fa Panin jáde, ó fi ṣe sàráà. Kò bi Alhaja léèrè. Àìdáa àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni pé ibi tí wọ́n so Kakra mọ́ gan-an ló ti dúńbú èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ ọ́ fún un pé kó pa ẹran lójú ẹran. Èmi Kristẹni mọ̀ ọ́n. Òun tó ti lọ sí Mẹ́kà kò mọ̀ ọ́n?

Nígbà tí mo dé, Kakra dúró lórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi bo ẹ̀jẹ̀. Àgbò tó máa ń kan gbogbo ọmọdé àdúgbò tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

“Ẹ wo koríko yẹn, Dókítà,” ni Alhaja wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. “Apá kan ṣoṣo ló ń sùn sí. Ó fi ìyókù sílẹ̀ fún Panin. Tí mo bá da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, á máa wo géètì bóyá Panin ń bọ̀. *Daabi* o, rárá, kò ní jẹ ẹ́.”

Mo wo ìgbóná ara rẹ̀, mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, mo fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lápá òsì bóyá oúnjẹ ń lọ. Kò sí àrùn kankan.

“Ó ń ṣọ̀fọ̀ ni,” mo wí.

Alhaji Ràímì tó dúró lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. “Màdáámù Dókítà, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe lọ yunifásítì? Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ jàre! Walahi, bó ṣe ń rù yìí, egungun la máa jẹ lọ́jọ́ ogójì ẹ̀gbọ́n mi.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti dájọ́ fún Kakra náà.

Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níbi ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dá jẹun. Alhaja mú un wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé abọ́ túwó tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àgbò. Àwọn ará ilé sọ fún mi pé Alhaja náà ti ń dá oúnjẹ padà láti ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n Kakra kì í ki ẹnu bọ abọ́ àfi bí Alhaja bá ti kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ tirẹ̀, ni opó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí mo padà lọ, àgbò ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alhaja ti ń kún.

Alhaji ní, “Ẹran lẹ wá tọ́jú ni, àbí opó?”

“Alhaji, èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ ti bi léèrè rí nínú ilé yìí?”

Mo bẹ Alhaja pé kó má jẹ́ kí Kakra kúrò lójú rẹ̀, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Òmùgọ̀ ni mí! Bí Kakra ṣe ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ló ń sanra.

Lọ́jọ́ ogójì, awakọ̀ Alhaji gbé itan ẹran kan wá sí ọ́fíìsì mi. “Alhaji ní ẹ kú iṣẹ́, Màdáámù. Ó ní ọ̀rá rẹ̀ dáa.” Ìwòsàn tí mo fún un ni wọ́n rí tí wọ́n fi pa á. Mo ní kó gbé e padà fún ẹni tó rán an, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ìjáde àkọ́kọ́ tí Alhaja ṣe lẹ́yìn tákàbà, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó ti gbẹ. Mo ti to gbogbo ẹ̀sùn Alhaji Ràímì sẹ́nu, mo fẹ́ kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

“*Due*, Alhaja,” ni mo kọ́kọ́ fi kẹ́dùn. “Kí ni kí n ṣe fún yín?”

“Kò sí nǹkan, Dókítà. Mo kàn ní kí n jókòó díẹ̀ ni.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ènìyàn máa ń di ẹran wọn mú lé lórí. Ó sún mọ́ etí kan pátápátá, ó fi ìyókù sílẹ̀. Mo fọ ọwọ́, mo gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán mi, mo sì jókòó sí apá tó ṣófo.