Ọjọ́ Tí Onílé Wa Ṣí Páànù Ilé Rẹ̀

Onílé wa gun orí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lágbàlá, mò ń wò ó. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní Okokomaiko, níbi tí mo háyà yàrá kan sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ni ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri wa: wọ́n ní orí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà Badagry ni ilé náà wà, àwọn máa wó o. Gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ fún onílé wa nígbà tí wọ́n dá a dúró ló ti bá ilé yẹn lọ.

Télọ̀ tó kọ́lé tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé wa ké sí i láti ìsàlẹ̀. "Àfọwọ́fà ni, Bàbá! Ẹ ò ṣe béèrè ìwé ilẹ̀?"

"Ìwé kẹ̀?" Onílé ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. "Olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún mi pa obì fún mi, wọ́n ta ọtí sílẹ̀, wọ́n súre fún mi. Ṣé kí n wá ní ọ̀rọ̀ wọn ò tó? Lọ́dọ̀ wọn náà kọ́ lo ti ra tìẹ? Ìwé tìẹ dà?"

Ni télọ̀ bá sáré lọ wo ògiri ilé tirẹ̀ bóyá ọ̀dà pupa wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé lọ́sàn-án ò jókòó. Ó ní, "Katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá níwèé, kó mú un wá sí ọ́fíìsì wa ní Ọ̀jọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ò bá ní, kó kẹ́rù ẹ̀."